Ògiri Ẹ̀yìn Ilé Dókítà Eyín

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ òòjọ́. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rín kí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ wò, bóyá ó gbé nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo yẹ òrùka wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó na ìka. Òótọ́ ni. Kí ló wá burú níbẹ̀? Pàǹsá ò fura, pàǹsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Nítorí náà, ẹ má bi mí ìdí tí ara fi fu mí lọ́jọ́ tí obìnrin kan wa ọkọ̀ wá síwájú ilé wa, tó ní òun ń wá Bàbá Alámọ̀.

Bàbá mi ni Bàbá Alámọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, ilé amọ̀ ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti wá a wá fún iṣẹ́. Ẹni tó ń wá a ò ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ, tí wọ́n jọ máa ń ráhùn nípa orúnkún wọn. Èmi ọmọ rẹ̀, bíríkìlà ni mí. Sìmẹ́ǹtì àti búlọ́ọ̀kù ni tèmi, débi pé Kọnkéré ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

"Ẹ kúulé o," obìnrin náà wí. "Ayàwòrán ilé ni mí. Wọ́n júwe ibí fún mi pé Bàbá Alámọ̀ ń gbé níbí."

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Ìkíni rẹ̀ gan-an, mi ò dá a padà.

"Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi mọ ilé ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí n rín in tán, ó wá ṣàlàyé. Dókítà eyín kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ kọ́ ilé ńlá, ilé ìgbádùn gidi: yàrá ìkàwé tí ìwé á kún dé àjà, gbọ̀ngàn tí ogójì ènìyàn lè jókòó sí, ilé ìwẹ̀ tó jẹ́ pé odindi òkúta ni wọ́n máa gbẹ́ ṣe ibi tí èèyàn á sùn sí wẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kankan níbẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ nínú ọgbà náà gan-an ni wọ́n máa fi mọ ògiri, á nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ooru ọ̀sán má lè là á kọjá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni fèrèsé máa kọjú sí. Oòrùn ni yóò máa tan iná ilé náà láti orí òrùlé, omi òjò ni wọn yóò máa gbà sínú táǹkì, pákó ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan tí wọ́n wó ni wọ́n máa fi ṣe ilẹ̀kùn àti àjà.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní nínú ara mi pé irọ́ ni. Ta ló lówó lọ́wọ́ tó máa padà sínú amọ̀? Inú amọ̀ kúkú ni olówó ti ń sá jáde! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti la ẹnu pé kó máa bá tiẹ̀ lọ ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ẹ̀yìnkùlé.

"Yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó pupa?"

Bàbá tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń fà á dìde lórí àga, ó ti dá dìde, ó di ara ilé mú, ó ń bọ̀. Obìnrin náà yọ ọ̀rá kan jáde nínú àpò rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bàbá mi bù ú, ó fọwọ́ ra á, ó fi díẹ̀ sẹ́nu, ó rún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tu ú dànù.

"Iyanrìn inú ẹ̀ ti pọ̀ jù," ó ní. "Ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Inú bí mi, mi ò sì mọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọkàn mi ò fi balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Bàbá mi ló mọ ilé fún un nígbà tí mo wà ní kékeré, yàrá mẹ́ta, fèrèsé mẹ́ta tó kọjú sí títì, níbi tó ti ń jókòó ránṣọ. Òun ló rán gbogbo aṣọ iléèwé tí mo wọ̀ láyé mi. Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà tán lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ara ilé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ṣe. Mo ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, tinú tòde, ó ń dán gbinrin. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Síbẹ̀ náà, lójò ọdún kejì, lọ́sàn-án gangan, ògiri iwájú ya lulẹ̀. Ó fọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ túútúú, ó ṣẹ́ Màmá Aránṣọ lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹ ò rí i bí amọ̀ ṣe jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ tó? Sìmẹ́ǹtì tó dáa tó bẹ́ẹ̀ gan-an kò rí i gbà là!

Bàbá mi lọ kí i nílé ìwòsàn, Màmá yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò bá àbúrò rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Òpópónà mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé wa àti ibi tó ń gbé báyìí. Bí wọ́n bá fẹ́ pàdé lọ́nà, á fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Àwọn ará àdúgbò sọ bàbá mi ní Ó-wó-lójò. Iṣẹ́ tán. Ó lọ ń ṣọ́ géètì iléèwé fún ogún ọdún, ó ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ àwọn tó ti mọlé fún rí. Èmi náà, kí n má purọ́, ojú rẹ̀ ń tì mí. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ bàbá mi ni mò ń ṣe, màá yára ní rárá o, tèmi yàtọ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo kojú bàbá mi. "Bàbá, ẹ ò ní lọ síbẹ̀."

"Mò ń lọ."

"Bó bá tún wó ńkọ́?"

"Bí ògiri yìí bá la òjò ọdún kan kọjá, màá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n wá wò ó. Bó bá wó, á jẹ́ pé òótọ́ làwọn èèyàn ti ń sọ nípa mi."

Mo bá lọ bá obìnrin náà, mo ní bí bàbá mi bá máa ṣe é, èmi ni màá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ wà nítòsí kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ó gbà kíá. Kíá tó gbà yẹn náà tún fu mí lára.

Onírúlà ni mo sọ ọ́, nítorí rúlà ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí kò tó wọ̀n, á wọ̀n ọ́n. Ó ri igi kan mọ́lẹ̀ láàárín ọgbà, ó ń fi ẹfun sàmì síbi tí òjìji igi náà dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ní òun fẹ́ mọ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán máa yọ lẹ́nu. Ó bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò mẹ́wàá, ó bu omi lé e, ó mì í kí iyanrìn lè rì sísàlẹ̀, kí amọ̀ wà lókè, ó tò ó sójú fèrèsé yàrá onípákó tó ń lò bí ọ́fíìsì. Bàbá mi á fi ahọ́n tọ́ yẹ̀pẹ̀ wò, á ní èyí dáa. Onírúlà á sáré lọ wo ìgò rẹ̀, á padà wá ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ." Àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo ni bàbá mi ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? Mi ò rántí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n túbọ̀ la ojú mi sílẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa síni.

Dókítà Eyín alára máa ń wá nírọ̀lẹ́, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó fẹ́ràn àwàdà. Á máa fi ìka gbá òkúta ìpìlẹ̀ pó pó pó, á ní, "Èyí ò ní kòkòrò." Kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ ọ́. Ó ní ogójì ọdún lòun fi wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ ń kùn yùn-ùn létí òun, ilé tó dákẹ́ lòun fẹ́ kú sí. Bóyá òótọ́ ló ń sọ, bóyá irọ́ ni. Èmi ò tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, mo kọjá lẹ́nu ọ́fíìsì náà, mo rí bàbá mi tó ń tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé. Mo dúró dè é níta.

"Bàbá, kí lẹ tẹ̀ síbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yẹn ni."

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Èmi ni mo ní kó kọ ọ́," ó ní, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ìpìlẹ̀ olókùúta parí. Onírúlà pe gbogbo wa jọ. Ó ní láti orí òkúta sókè, sìmẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ kan ara ògiri, kódà ẹ̀kán kan. Ó kó gbogbo sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù sínú ilé ẹrù, ó tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo bi í pé kí ló dé? Ó wo bàbá mi. Bàbá mi wolẹ̀.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Háà! Ẹ sọ fún mi, ṣé ìyẹn ò tó ohun ìfura? Bó bá jẹ́ ohun rere ni, kí ló dé tí kò lè ṣàlàyé ẹ̀? Nígbà tó dọ̀la, mo yọjú sórí tábìlì rẹ̀ nígbà tó lọ wo ìpìlẹ̀, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ gbọ̀n mí: àwòrán ilé Màmá Aránṣọ. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, yàrá mẹ́ta, fèrèsé mẹ́ta. Ó fi yíńkì pupa fa ìlà sí ògiri iwájú tó wó. Ọ̀rọ̀ wá yé mi yéké, tàbí mo rò pé ó yé mi. Ó ń kó ẹjọ́ jọ. Lọ́jọ́ tí ilé olówó yìí bá wó, á gbé ìwé tí bàbá mi tẹ̀ jáde, á ní ẹ wò ó, ó ti wó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà rí.

Mo rò ó fún ìyàwó mi bó ṣe ń lọ aṣọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwọ yìí, bí adìẹ bá gbé orí sókè lẹ́yìn tó mumi tán, wàá ní ó ń fi ẹ́ sùn lọ́run."

"Mò ń sọ ọ̀rọ̀ gidi, ò ń ṣàwàdà."

"Èmi náà ń sọ̀rọ̀ gidi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Ìwọ ni mò ń bẹ̀rù kó o má la ẹnu ògiri yẹn o."

Mo bínú jáde kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan rí láyé ẹ̀ ló ń sọ fún mi nípa ògiri!

Ògiri ń ga. Ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ ìkejì lé e. Bàbá mi ń jókòó sórí àga lábẹ́ tapólì, ó ń fi ọ̀pá júwe. Nígbà tó ṣe, ó kúrò lórí àga. Nígbà tó tún ṣe, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú amọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kan òrùlé tó yọ sóde dáadáa kí òjò má bàa máa na ara ògiri. Ẹ wọ inú ilé náà lọ́sàn-án gangan, ara yín á tutù wọ̀ọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dára. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò wá dé. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, mo lọ wo ògiri ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó dúdú títí dé orúnkún. Mo sáré pe bàbá mi. Ó fọwọ́ kàn án.

"Á gbẹ," ó ní.

"Bàbá, ó ti mumi!"

"Bó ṣe mu ún náà ló máa yọ ọ́ dànù. Fi í sílẹ̀."

Fi í sílẹ̀ kẹ̀? Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe gbé Màmá Aránṣọ jáde lábẹ́ ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tẹ̀. Mo ro ti bàbá mi, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ àgbà yẹn tẹ amọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń retí pé ẹ̀gbọ́n òun á wá. Mo ní kò ní ṣojú mi kó tún wó. Bí wọ́n bá ti ti sìmẹ́ǹtì tiwọn mọ́lé, èmi ní tèmi nílé.

Ní Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo èèyàn sinmi, mo gbé àpò méjì lọ. Mo sọ fún ọlọ́dẹ pé iṣẹ́ ìpìlẹ̀ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni mo wá parí. Láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn láti ìpìlẹ̀ dé ìbàdí èèyàn, tinú tòde, gbogbo gígùn rẹ̀. Nígbà tó dì, mo po amọ̀ ṣàn, mo fi pa á lójú kó lè bá ìyókù dọ́gba. Bó o bá wò ó, o ò lè mọ̀. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́, ká sọ tòótọ́. Mo padà sílé, mo jẹun yó, mo ní Onírúlà, màá rí ìwé tó o máa fi mú bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lòjò fi rọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí oòrùn yọ, mo débi iṣẹ́, mo bá Onírúlà níwájú ògiri ẹ̀yìn. Ó ti ki ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn omi bọ ara ògiri, ó ń wo nọ́ńbà rẹ̀, ó ń mì í bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Bàbá mi dé, ó fi ìka gbá ògiri. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn amọ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí kúrò, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbójú kúrò.

Onírúlà mú òòlù àti irin, ó gbẹ́ amọ̀ ojú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì yọ. Ó fọ́ sìmẹ́ǹtì, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ náà wọlé. Ohun tó bù jáde rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

"Ẹ pe gbogbo wọn wá," ó ní.

Gbogbo wa péjọ. Dókítà Eyín wà níbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn kò ṣàwàdà. Ó ní, "Ẹni tó ṣe é, kò ní wọ ọgbà yìí mọ́ láyé. Ta ni?"

Mo rọra sún sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ ò mọ̀ mí, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé amọ̀ ló ń jẹrà, kí ni sìmẹ́ǹtì mi ṣe? Onírúlà yíjú sí bàbá mi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ṣèlérí fún yín, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́ báyìí." Ó kọjú sí wa. "Amọ̀ ń mí. Omi tó bá wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fà á jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi á máa gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Òde á máa dán, inú á máa jẹrà, títí tó máa fi wó. Bí ilé kan ṣe wó lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn nìyẹn. Bàbá ló mọ ọ́n, kò sí àléébù kankan nínú iṣẹ́ wọn. Ẹnì kan ló lọ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ."

Mo rí fèrèsé mẹ́ta yẹn. Mo rí ara mi lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, lórí pákó, tí mò ń súfèé, tí àwọn èèyàn ń dúró wò mí. Láti òkè délẹ̀. Tinú tòde.

Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi.

"Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá?" Onírúlà bi í.

"Èmi ni. Ogbó ló dé. Mo rí i pé ó tutù, ẹ̀rù bà mí, mo ní kí n rẹ́ ẹ."

Ó dúró ṣinṣin, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń wo iwájú. Gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró lójú gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ tí ilé Màmá Aránṣọ wó nìyẹn, tí mo rò pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Irọ́ ni!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi ni mo ṣe é. Èyí, èmi ni. Ti Màmá Aránṣọ náà, èmi ni." Omijé ti gba ojú mi, èmi Kọnkéré, lójú àwọn tí mò ń bú lójoojúmọ́.

Dókítà Eyín wò mí bí eyín tí kò sí oògùn fún mọ́. "O ti gbọ́ ohun tí mo sọ," ó ní. "Máa lọ."

"Bó bá lọ, èmi náà ń lọ," bàbá mi wí.

Onírúlà ló gbà wá. Ó ní ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ di wíwó, kí wọ́n fi igi gbé òrùlé dúró, kí wọ́n sì tún un mọ. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ibi tí sìmẹ́ǹtì náà dé bí ẹni tó rẹ́ ẹ, nítorí náà kí ẹni náà wó o, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un mọ lójú bàbá rẹ̀. Dókítà gbà níkẹyìn.

Bí mo ṣe di alámọ̀ lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́ta nìyẹn o. Mo bọ́ bàtà, mo wọ ẹrẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn tiẹ̀ dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, Onírúlà fún mi ní ìwé tí bàbá mi tẹ̀. Gbogbo ilé tó ti mọ láyé rẹ̀ ló wà níbẹ̀, méjìlélógójì, ó ní kí wọ́n má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lábẹ́ ti Màmá Aránṣọ, wọ́n kọ ohun tó fa wíwó rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ bàbá mi sí i báyìí: *Ẹni tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Ẹ má sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yìí níbi iṣẹ́, nítorí yóò gbọ́.*

Mo gbé ìwé náà lọ bá a níbi tó jókòó sí.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ó gba ìwé náà, ó ká a. "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán nígbà yẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé iṣẹ́ tó o kọ́kọ́ ṣe ló wó lu èèyàn, ta ni ì bá gbéṣẹ́ fún ẹ? Iṣẹ́ tèmi ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti dé." Ó na ọ̀pá sí ògiri. "Amọ̀ rẹ ti ń gbẹ níwájú yẹn. Wọ́n omi sí i."

Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, mo lọ bá Màmá Aránṣọ. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni, ó jókòó lójú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ gán aṣọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ?" ó ní.

"Èmi ni, Màmá."

"Jáde."

Mo jáde. Mo ní ó tán, mo tún ti ba ohun tó kù jẹ́.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ títí ó fi dáwọ́ dúró. Ògiri ò mira. Wọ́n parí ilé, wọ́n fi ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ náà sí i, oòrùn ń tan iná rẹ̀. Bàbá mi ní kí n lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n òun bí òun ṣe sọ. Mo lọ jẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà, kò dá mi lóhùn. Mo fi dá bàbá mi lójú pé kó má retí ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ jókòó sí gbọ̀ngàn ilé Dókítà láti òwúrọ̀.

Lọ́sàn-án, mo gbọ́ ọ̀pá lórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Màmá Aránṣọ ni. Kò wo ojú mi. Ó ń tiro lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ̀ ọ́, yàrá dé yàrá, títí tó fi dé ibi tí bàbá mi wà. Bàbá mi dìde. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"O ti darúgbó," Màmá Aránṣọ wí.

"Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! O mọ̀, o sì dákẹ́, o jẹ́ kí n máa bínú sí ẹ!"

"Ọmọ mi ni," bàbá mi ní.

Màmá Aránṣọ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ọmọ tèmi náà ni, òpònú."

Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú. Ó ní kí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn lọ bu omi wá fún òun.